Ẹ Kọ́kọ́ Dá Fóònù Ọmọ Náà Padà Fún Un

Ìyá kan kọ̀wé sí mi. Mo gé ìwé náà kúrú díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ọmọ tọ́rọ̀ kàn: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 14. Ó máa ń kólòlò díẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú kíláàsì rẹ̀ dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọn ò fi òun sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi fọ́tò rẹ̀ ṣe sítíkà, wọ́n sì ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì láti máa fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi hàn án. Lọ́jọ́ tó sọ fún mi, inú bí mi débi pé mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó gbàgbé wọn, kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Ó ti ń lọ sí oṣù kan báyìí. Kì í jẹun dáadáa mọ́, mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru, bí mo bá sì bi í, á ní kò sí nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ní eré ọmọdé ni, pé wọ́n fi àwọn náà ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, àwọn ò sì kú. Èmi ti kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí mo fẹ́ gbé sórí Facebook, pẹ̀lú orúkọ àwọn ọmọ náà àti ti òbí wọn, kí ayé rí wọn. Ṣé kí n gbé e síbẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e síbẹ̀. Ẹ dá fóònù ọmọ náà padà fún un lálẹ́ òní, ká tó sọ ohunkóhun mìíràn. Mo mọ̀ pé ìdáhùn tí ẹ ń retí kọ́ nìyí, torí Facebook ni ẹ bi mí, ẹ ò bi mí ní ti fóònù. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti gba fóònù ni ọkàn mi dúró sí nínú gbogbo lẹ́tà yín. Lójú mi, ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ṣé ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ yìí tó ohun tá à ń pariwo lé lórí, ta ló yẹ ká mú un tọ̀ lọ, báwo ni ọmọ náà á sì ṣe padà máa jẹun kó máa sùn. Màá mú wọn bí wọ́n ṣe wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ fóònù yẹn bí ọmọ ṣe rí i. Ó ru ìtìjú kan kiri, ó ń rò ó bóyá kóun sọ tàbí kóun má sọ. Níkẹyìn ó ṣọkàn akin, ó sọ. Èrè sísọ tó sọ ni pé wọ́n gba fóònù rẹ̀, àwọn tó fi í ṣẹ̀sín sì ṣì mú tiwọn dání. Ẹ ò fìyà jẹ ẹ́ o, ẹ fẹ́ dáàbò bò ó ni, àmọ́ ìyà ló rí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó sì kọ́ ni pé bí òun bá tún sọ òótọ́ fún ìyá òun, nǹkan mìíràn á tún bọ́ lọ́wọ́ òun. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń jókòó ti àwọn ọmọ ilé ìwé nínú yàrá ìgbaninímọ̀ràn. Bí mo bá béèrè pé kí ló dé tí wọn ò sọ nílé, ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé, "Wọ́n á gba fóònù mi." Ẹgba ò tiẹ̀ bà wọ́n lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Gbígbà tí ẹ gbà á kò sì pa gúrúùpù yẹn. Sítíkà náà ṣì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ohun tó yí padà ò ju pé ọmọ yín ò rí i mọ́, ohun téèyàn ò bá sì rí, ọkàn máa ń yà á ju bó ṣe rí lọ. Bó bá wọ kíláàsì láàárọ̀ tó bá ọmọ méjì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń fi ṣe é. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó láyà láti fi ọ̀rọ̀ náà hàn án, kò rí i bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ mọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mi ò ní kí fóònù máa bá a sùn o. Òru ni èèyàn máa ń ka ọ̀rọ̀ burúkú ní àkàtúnkà, tí kò sì sí ẹni tó máa gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó ní "ó tó." Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn òbí ni pé kí wọ́n fi òfin kan lélẹ̀ fún gbogbo ilé: bó bá ti di aago báyìí lálẹ́, fóònù ìyá, fóònù bàbá, fóònù ọmọ, gbogbo wọn á wà ní pálọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá ti kan gbogbo ilé, ọmọ ò ní rí i bí ìyà.

Ní ti bàbá ọmọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dá wọn lẹ́bi kíákíá, torí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kì í ṣe gbogbo èébú ni ìfòòró. Ọmọ méjì bú ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan sọ̀kò ọ̀rọ̀, èkejì sọ ọ́ padà, ó di ọjọ́ kẹta wọ́n ti jọ ń ṣeré: ìjà lásán nìyẹn, àgbà tó bá sì kó wọ inú ẹ̀ lè sọ ọ́ di ńlá. Dan Olweus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Norway, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ìfòòró yìí ní àwọn ọdún 1970. Ohun mẹ́ta ló fi ya ìfòòró sọ́tọ̀ kúrò lára ìjà. Ẹni tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó dun ẹnì kejì, ó ń ṣe é léraléra, agbára wọn ò sì dọ́gba, débi pé ó ṣòro fún ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yín sórí ìwọ̀n yìí. Wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, wọ́n pọ̀, òun nìkan ni, ohun tí wọ́n sì fi ń ṣẹ̀sín kì í ṣe aṣọ tó lè bọ́ sílẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé.

Ibi tí bàbá ti ṣì í ni pé wọ́n rò pé irú tiwọn náà ni èyí. Yẹ̀yẹ́ tiwọn níbi tó ń parí sí. Agogo á lù, wọ́n á lọ sílé, ẹnu àwọn tó ń bú wọn ò sì gùn dé ilé. Ti ọmọ yín ń bá a wọ yàrá. "Léraléra" tí Olweus wí náà ti yà sọ́nà mìíràn: ọmọ kan lè ṣe sítíkà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó má tún ronú kàn án mọ́, káwọn mìíràn sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún odindi ọdún kan. Lójú ẹni tó ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ni. Lójú ọmọ yín, ojoojúmọ́ ni. Agbára náà ò sí lọ́wọ́ ẹni tó sanra jù tàbí tó dàgbà jù mọ́, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ fídíò gé dáadáa lè mú odindi kíláàsì mọ́lẹ̀. Ní oṣù September ọdún 2019, UNICEF gbé èsì ìbéèrè kan jáde tí àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 170,000, láti ẹni ọdún 13 sí 24, dáhùn ní orílẹ̀-èdè 30 láìsọ orúkọ wọn. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ ni, àwọn tó bá fẹ́ ló sì dáhùn, nítorí náà kì í ṣe ìkànìyàn. Síbẹ̀ ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́ta tó ní wọ́n ti fòòró òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan nínú márùn-ún sì ní òun ti torí ẹ̀ pa ilé ìwé jẹ. Ẹ ka èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sétí bàbá, kí ẹ wá bi wọ́n bóyá yẹ̀yẹ́ ìgbà tiwọn lé àwọn kúrò nílé ìwé.

Ẹ máa fẹ́ mọ ohun tó ń mú ọmọ tó ní ilé tó dáa ṣe irú nǹkan báyìí. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tó gún ẹ, mo rí i lójú ẹ, ahọ́n mi á sì fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Orí fóònù, kò sí ojú níbẹ̀. Ẹnì kan tó ń jẹ́ John Suler kọ̀wé lé èyí ní ọdún 2004, ó fi hàn pé ìjánu téèyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu máa ń já lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹnì kejì ò rí mi, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ mí, èsì ọ̀rọ̀ mi ò sì ní tètè padà bá mi, mo lè sọ ọ́ kí n sì sá lọ. Ohun kan wà tí mo máa ń ṣe pẹ̀lú ọmọ tó bá fòòró ẹlòmíràn. Màá tẹ ohun tó kọ sórí bébà, màá ní kó kà á sókè sétí èmi nìkan, kó máa wo ojú mi. Wọn kì í sábà kà á tán. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dé ìlà kejì, ó ní, "Ṣé èmi ni mo kọ eléyìí?" Mi ò rò pé irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n èyí ò sọ gbogbo rẹ̀ o, torí àwọn ọmọ kíláàsì yìí mọ ọmọ yín, wọ́n sì ń rí ojú rẹ̀ lójoojúmọ́. Èrò ìwòran ló kù níbẹ̀. Nínú irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń dá iná náà. Àwọn yòókù kàn ń fi àwòrán ẹ̀rín sábẹ́ rẹ̀ ni, ẹ̀rín yẹn sì ni igi tó ń jó. Mo rántí ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó wá fún mi. Mo ti múra láti bá a wí dáadáa. Ó ní kí n fi ìka fa ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn dé oṣù mẹ́ta ṣáájú, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé òun gan-an ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín nígbà yẹn. Ó ní, "Bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà sọ́dọ̀ mi." Nítorí náà, ọ̀rẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ yìí han ọmọ yín, ohun tó ṣe kì í ṣe kékeré. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu yín nílé ìwé.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká wá sórí Facebook. Ìbínú yín kò burú, ibi tí ẹ fẹ́ dà á sí ni mi ò fara mọ́. Ọmọ ọdún 14 làwọn náà. Bí ẹ bá kọ orúkọ wọn síta, àwọn àgbàlagbà tí ẹ ò mọ̀ rí á ya bò wọ́n, ohun tí ẹ ń sunkún pé wọ́n ṣe fún ọmọ yín, ẹ ti ṣe é fún wọn nìyẹn, pẹ̀lú èrò tó ju ti kíláàsì lọ. Ní ibòmíràn, òfin lè mú yín níbẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ wá dùn mí jù ni pé àwọn tó máa ka ọ̀rọ̀ yín á fẹ́ rí sítíkà náà. Ní báyìí, kíláàsì kan ló mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn Facebook, ẹ ò lè mọ iye èèyàn tó máa mọ ọmọ yín sí ọmọ tó ń kólòlò. Kò rán yín níṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ máa rí i lò nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí ilé ìwé, bí ẹ bá ti yọ èébú inú rẹ̀ kúrò.

Kẹ́ ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Àṣìṣe tèmi ló kọ́ mi. Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nígbà tí ọmọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ wá fún mi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ burú. Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó má bàa máa kà á. Ó pa á rẹ́. Nígbà tí a dé iwájú ọ̀gá ilé ìwé, àwọn tó kọ ọ́ ní àwọn ò kọ nǹkan kan, kò sì sí ohun tí a máa fi hàn. Mi ò gbàgbé ojú tí ọmọ yẹn fi wò mí. Torí náà, ẹ bá ọ̀rẹ́ yẹn sọ̀rọ̀, bóyá nípasẹ̀ òbí rẹ̀, kó ya screenshot ohun tó wà nínú gúrúùpù náà, kó hàn nínú rẹ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ báyìí, ohun báyìí ṣẹlẹ̀, àwọn báyìí wà níbẹ̀. Ọwọ́ yín ni kó wà, kì í ṣe lórí fóònù ọmọ tó máa máa rí i.

Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀rí bá wà nílẹ̀ ni kí ẹ tó fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ WhatsApp, torí bí èèyàn bá ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, áàpù náà á tún bi í bóyá kó kúrò nínú gúrúùpù kó sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́. Àwọn òbí máa ń bi mí pé kí ló dé tí WhatsApp ò fi rí ohun tó ń lọ. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ti gbogbo ọ̀rọ̀ pa láàárín ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò lè kà á. Àyàfi bí ẹnì kan nínú gúrúùpù bá fẹjọ́ sùn, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ márùn-ún tó dé kẹ́yìn máa lọ sọ́dọ̀ wọn, wọn ò sì ní sọ fún àwọn yòókù pé ẹnì kan fẹjọ́ sùn. Ọmọ yín ò sí nínú gúrúùpù náà, ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ blọ́ọ̀kù tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lábàá. Ó dáa fún ẹni tó ń kọ̀wé èébú tààrà sí ọmọ, kó blọ́ọ̀kù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ yín ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn, blọ́ọ̀kù ò sì dé ẹ̀yìn. Bó bá wà lórí Instagram, ohun kan tún wà níbẹ̀ láti 2019 tí wọ́n ń pè ní Restrict: ẹni náà á ṣì máa kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò ọmọ yín, àmọ́ òun nìkan ló máa máa rí i, kò sì ní mọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ tí ẹ̀rù ń bà pé bóun bá blọ́ọ̀kù wọn, wọ́n á gbẹ̀san nílé ìwé.

Ẹ sọ fún ọmọ náà pé kó má fèsì, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, pé èsì rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa fi ṣe sítíkà tó kàn. Ẹ kíyè sí i pé èyí yàtọ̀ sí "gbàgbé wọn" tí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ọmọ tí wọ́n ní kó gbàgbé, òun nìkan ló ku òun. Èyí tí wọ́n ní kó má fèsì torí pé ìyá rẹ̀ ń lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Tuesday, ó mọ̀ pé ẹnì kan ń jà fún òun.

Nílé ìwé, wọ́n lè sọ fún yín pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ṣẹlẹ̀, pé kò kan àwọn. Ẹ rántí pé inú kíláàsì wọn ni wọ́n ti gba ohùn ọmọ yín sílẹ̀, níwájú olùkọ́ wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ di mú. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yín lọ ní kíkọ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ṣe àti pé ọjọ́ wo ni kí ẹ padà wá gbọ́ èsì, kí ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n pe gbogbo àwọn ọmọ náà sínú yàrá kan, kí ọmọ yín jókòó sáàárín, kí wọ́n sọ tẹnu wọn, kí wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹni méjì tó jọ jà lèèyàn ń parí ìjà fún. Ọmọ yín ò bá ẹnikẹ́ni jà, bí wọ́n bá sì mú un jókòó síwájú ẹni mẹ́fà tó ń fi ohùn rẹ̀ ṣẹ̀sín, kó wá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ bí ohùn yẹn á ṣe jáde. Kí wọ́n bá àwọn ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó lọ wo kíkólòlò rẹ̀ sàn kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán. Bó bá fẹ́ rí onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ, kó lọ torí ara rẹ̀.

Ti òbí àwọn ọmọ yẹn, ọwọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ le síbẹ̀. Mo ti rí ìyá kan tó lọ bá ìyá kejì jẹ́jẹ́, tó fi ẹ̀rí hàn án, tí wọ́n jọ sunkún, tí ọ̀rọ̀ sì parí lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo tún ti rí èyí tó di ìjà ìdílé méjì, táwọn ọmọ fúnra wọn sì ti gbàgbé. Bí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n dáadáa tẹ́lẹ̀, ẹ gba ọwọ́ ilé ìwé lọ. Ti òfin ń bẹ lẹ́yìn ìyẹn, bí ilé ìwé bá kùnà tàbí bí ìhalẹ̀ bá wọ̀ ọ́. Ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn: New Zealand ṣe òfin kan fún irú èyí ní 2015, ọdún yẹn kan náà ni Australia dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tó lè pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pé kó yọ ohun tí wọ́n fi ń fòòró ọmọdé kúrò. Ẹ béèrè ohun tó wà níbi tí ẹ wà.

Ohun kan wà tí ẹ ò mẹ́nu bà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ torí àwọn tó ń fi fọ́tò ọmọ ṣeré kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Áàpù ti wà báyìí tó lè bọ́ aṣọ lára fọ́tò ẹni tó wọṣọ. Bí irú rẹ̀ bá jáde, ìbáà jẹ́ ayédèrú, tàbí bí ẹnì kan bá ní òun á gbé àwòrán ìhòòhò ọmọ síta bí kò bá sanwó, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé ìwé nìkan, ó di ti ọlọ́pàá. Ẹ má sanwó, torí ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ máa ń padà wá. Ẹ má fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, títí kan olùkọ́, kódà bó bá jẹ́ láti fi ṣe ẹ̀rí. Orúkọ àkáǹtì àti líǹkì tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Take It Down, ọ̀fẹ́ ni, àjọ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó sọnù àtàwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ ní Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o, fún àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí ẹni náà ò tíì pé ọdún 18. Àwòrán náà ò ní kúrò lórí fóònù yín. Nọ́ńbà gígùn kan tó dà bí ìtẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n máa yọ, ìyẹn ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Facebook àti TikTok láti fi wá a kí wọ́n sì yọ ọ́. StopNCII ń ṣe irú rẹ̀ fún àgbàlagbà láti 2021. Àléébù ibẹ̀ ni pé kò dé inú gúrúùpù WhatsApp, torí títì tí wọ́n ti ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké inú fóònù náà ṣe é tún ṣe nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, kẹ́ ẹ jọ ṣe é, kó jẹ́ ọwọ́ ọmọ ló ń tẹ̀ ẹ́. Kó jẹ́ pé àwọn tó wà nínú fóònù rẹ̀ nìkan ló lè rí fọ́tò orí àkáǹtì rẹ̀, àwọn nìkan náà ni kó lè fi í sí gúrúùpù. Kó wo ibi tí WhatsApp ti ń fi àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ àkáǹtì rẹ̀ hàn, bóyá ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ibòmíràn. Kó pààrọ̀ páásíwọọ̀dù rẹ̀, kó sì má sọ tuntun fún ọ̀rẹ́ kankan. Àwọn ọmọ máa ń fi páásíwọọ̀dù ṣe ẹ̀rí ìfẹ́ láàárín ara wọn, ọjọ́ tí ìfẹ́ bá sì bàjẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀tá máa ń gbà wọlé.

Mo wá kan èyí tó jẹ mí lógún jù. Ọmọ tí kò jẹun dáadáa, tí kò sùn, fún bí oṣù kan, dókítà gbọ́dọ̀ rí i. Mi ò rí ọmọ náà, mi ò sì lè jókòó síbí kí n ti inú lẹ́tà mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, torí náà ẹ má fi ìdáhùn mi yìí dípò dókítà. Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ti rò ó rí pé kóun kú tàbí kóun ṣe ara òun léṣe. Ẹ̀rù máa ń ba òbí pé ìbéèrè yẹn ló máa gbin èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Kì í gbìn ín, àwọn onímọ̀ ti wò ó dáadáa. Ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé ọmọ á mí kanlẹ̀, torí ẹnì kan ti sọ ọ́ síta. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bó bá ń sọ pé ó dáa bóun ò bá sí, tàbí bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn nǹkan tó fẹ́ràn ta àwọn èèyàn lọ́rẹ, ẹ má fi sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ẹ kúkú mú un kúrò nílé ìwé yẹn. Ìgbà mìíràn ó máa ń dáa, pàápàá bí ilé ìwé náà bá kọ etí ikún. Àmọ́ fóònù ń mú gúrúùpù àtijọ́ tẹ̀lé èèyàn dé kíláàsì tuntun, ọmọ náà sì lè rí i pé òun ni wọ́n lé, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, kó sì jẹ́ lẹ́yìn tó bá ti sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo sítíkà yẹn máa parẹ́. Èyí tó wà lórí fóònù ẹlòmíràn, kò sí ẹni tó lè dé ibẹ̀, ó sì lè tún yọjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí mo ti rí ni pé bí ẹ̀rín bá ti dínkù nínú gúrúùpù, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é máa ń rọ̀, ọmọ mélòó kan tí olùkọ́ bá pè lọ́kọ̀ọ̀kan sì tó láti mú ẹ̀rín dínkù.

Lálẹ́ òní, bí ẹ bá gbé fóònù náà fún un, ẹ sọ fún un pé ẹ ṣì í ní gbígbà tí ẹ gbà á, pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀. Ẹ sọ fún un pé bó bá tún sọ nǹkan fún yín, ẹ ò ní gbà á mọ́, ẹ ò sì ní ṣe ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ fún un, àyàfi bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Ó lè má dá yín lóhùn. Ẹ jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá ń há mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má bá a parí rẹ̀.